Wọ́n Gbà Á Síṣẹ́, Wọ́n Lé E, Wọ́n Tún Padà Wá Bẹ̀ Ẹ́

Ní ìparí oṣù kẹjọ ọdún 2017, ilé-iṣẹ́ L'Oréal gbé àwòrán obìnrin kan jáde ní Ìlú Ọba. Munroe Bergdorf ni orúkọ rẹ̀. Àwọn ará Faransé ni wọ́n ni L'Oréal. Láti ọdún 1909 tí ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Eugène Schueller ti fi òwò aró irun dá a sílẹ̀ ni ó ti ń gbòòrò, tí ó fi jẹ́ pé ó ṣòro lónìí kí ènìyàn dé ìlú ńlá kan láyé kí ó má bá ọṣẹ irun tàbí àtíkè wọn lórí àtẹ.

Pankéèkì kan tí wọ́n ń pè ní True Match ni wọ́n fi àwòrán Munroe polówó. Ohun tí wọ́n fẹ́ kí ayé gbọ́ ni pé pankéèkì àwọn bá àwọ̀ gbogbo mu, láti orí ẹni tí ó pupa fòò títí dé orí ẹni tí ó dú bí kóró iṣin. Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ti ra pankéèkì Òyìnbó rí, tí ẹ kùn ún tán tí ojú yín wá dà bí ojú ẹni tí a da eérú sí lórí, ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ńlá ni ìyẹn. Inú ilé-iṣẹ́ náà dùn, inú obìnrin náà dùn. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n fi lé e. Ọdún mẹ́ta kò sì tíì pé tí ilé-iṣẹ́ kan náà fi padà wá, tí wọ́n ní àwọn kábàámọ̀ bí àwọn ti ṣe ọ̀rọ̀ náà, pé kí ó wá bá àwọn jókòó nínú ìgbìmọ̀.

Kí ni ó ṣẹlẹ̀? Ìtàn náà gùn, ó sì kan ẹ̀yin oníṣòwò bí ó ti kan ẹ̀yin olùkọ́.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bí Munroe, ọmọkùnrin ni wọ́n kọ sínú ìwé ìbí rẹ̀. Obìnrin ni ó ń jẹ́ lónìí, ó sì ní obìnrin ni òun láti ìbẹ̀rẹ̀, pé ìwé ni ó ṣì í kọ. Irú wọn ni àwọn Òyìnbó ń pè ní transgender, tàbí trans ní kúkúrú. Iṣẹ́ módẹ́ẹ̀lì ni ó ń ṣe, èyíinì ni pé ó ń fi ara àti ojú rẹ̀ gbé aṣọ àti àtíkè hàn fún àwọn tí ń tà wọ́n. Iṣẹ́ kejì tí ó ń ṣe ni pé ó ń fi orí íntánẹ́ẹ̀tì jà fún àwọn ènìyàn irú rẹ̀ àti fún àwọn aláwọ̀ dúdú. Iṣẹ́ kejì yìí ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ba èkíní jẹ́. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín kò ní í fẹ́ gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí rárá, àwọn mìíràn yóò sì ní Bíbélì tàbí Kùránì lọ́wọ́ láti fi dá mi lóhùn. Èmi kò wá ṣe àríyànjiyàn ẹ̀sìn. Ìtàn ni mo wá sọ, bí ó sì ti ṣẹlẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ sọ ọ́.

Kí n tó lọ jìnnà, ohun kan wà tí ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ìjà ńlá ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń jà lórí bí wọn yóò ṣe máa tọ́ka sí irú ènìyàn bẹ́ẹ̀, nítorí pé ọ̀tọ̀ ni ọ̀rọ̀ tí èdè wọn fi ń tọ́ka sí ọkùnrin, ọ̀tọ̀ ni ti obìnrin. Wọ́n ti torí rẹ̀ bú ara wọn, wọ́n ti torí rẹ̀ pe ara wọn lẹ́jọ́. Èdè tiwa kò mọ irú ìjà yẹn. "Ó wá," "ó lọ," "ó jẹun" ni tiwa. A kì í kọ́kọ́ bèèrè bóyá akọ ni ẹni tí ó jẹun tàbí abo. Ọjọ́ orí ni àwa fi ń jà: ẹni tí ó yẹ kí a pè ní "wọ́n" tí a wá pè ní "ó," ojú ẹni náà yóò yí padà lọ́jọ́ náà. Ìdí rẹ̀ nìyí tí mo fi lè kọ ìròyìn yìí láti òkè dé ìsàlẹ̀ kí gírámà má dí mi lọ́wọ́.

OLÙKỌ́ TÍ ÒFIN PA LẸ́NU MỌ́

Ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án ọdún 1987 ni wọ́n bí i. Stansted Mountfitchet ni ó dàgbà sí, ìlú kékeré kan ní ẹkùn Essex, nítòsí pápákọ̀ òfúrufú tí ń jẹ́ Stansted. Ọmọ Jàmáíkà ni bàbá rẹ̀, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ni ìyá rẹ̀. Àwọn aláwọ̀ funfun ni wọ́n kún ìlú náà. Ọmọ tí àwọ̀ rẹ̀ bá ti yàtọ̀ ní irú ibẹ̀, wọn yóò wò ó lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó sọ̀rọ̀. Bí ìrìn rẹ̀ àti ohùn rẹ̀ bá tún wá yàtọ̀ sí ti àwọn ọmọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ ti dúró níwájú kíláàsì rí mọ ohun tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò fi ojú rẹ̀ rí. Wọ́n fòòró rẹ̀, wọ́n fi í ṣẹ̀sín, òun fúnra rẹ̀ sì ti sọ ọ́ nígbà púpọ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́, ibí ni mo fẹ́ kí ẹ dúró sí díẹ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1988, kí Munroe tó pé ọmọ ọdún kan, ìjọba ìyáàfin Thatcher ṣe òfin kan tí wọ́n ń pè ní Section 28. Òfin náà ní àwọn ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ kò gbọdọ̀ gbé ọ̀rọ̀ ọkùnrin-fẹ́-ọkùnrin àti obìnrin-fẹ́-obìnrin lárugẹ, wọn kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kí a kọ́ ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ wọn pé irú ìdílé bẹ́ẹ̀ dára. Bí ẹ bá wo òfin náà dáadáa, kò dárúkọ irú Munroe. Kò sì sí olùkọ́ kan tí wọ́n tìtorí rẹ̀ gbé lọ sí kóòtù láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é títí di ọjọ́ tí wọ́n fagi lé e. Ṣùgbọ́n olùkọ́ wo ni ó fẹ́ jẹ́ ẹni àkọ́kọ́? Bí ọmọ kan bá ń pe èkejì rẹ̀ ní orúkọ burúkú ní ìta ilé-ẹ̀kọ́, tí olùkọ́ sì fẹ́ pe ìjókòó lé e lórí, yóò rántí pé bóyá ọ̀rọ̀ tí òun fẹ́ sọ yìí ni wọn yóò ní òun fi gbé e lárugẹ. Yóò wá ṣe bí ẹni pé òun kò gbọ́. Òfin tí kò na ẹnikẹ́ni ni, ó sì pa gbogbo wọn lẹ́nu mọ́. Ọdún 2003 ni wọ́n tó fagi lé e ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Munroe ti di ọmọ ọdún 16 nígbà náà.

Láti ibẹ̀ ó lọ sí yunifásítì ní ìlú Brighton, etí òkun, ó kọ́ ìmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ó wá sí Lọ́ńdọ̀nù, ó ṣe iṣẹ́ ní ẹ̀ka tí ń bá àwọn oníròyìn sọ̀rọ̀ fún àwọn aláṣọ oge. Ìgbà tí ó di ọmọ ọdún 24 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí ara rẹ̀ padà ní gbangba. Iṣẹ́ ọ́fíìsì bọ́, òde ijó alẹ́ ni ó fi ń jẹun. Ó ń gbé àwo orin sí i fún àwọn oníjó, ó sì ń kó àwọn ènìyàn jọ sí òde ijó. Díẹ̀díẹ̀ ni àwọn ayàwòrán bẹ̀rẹ̀ sí í pè é.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ ìyípadà yìí dà bí ìgbà tí ènìyàn lọ pààrọ̀ aṣọ. Oògùn ni wọ́n ń lò, lábẹ́ ojú dókítà, ní ọdún lé ọdún. Ní ti òfin, láti ọdún 2004 ni Ìlú Ọba ti ní òfin tí ó gba irú ẹni bẹ́ẹ̀ láàyè láti gba ìwé-ẹ̀rí tuntun. Ẹni náà gbọ́dọ̀ ti pé ọmọ ọdún 18, dókítà méjì gbọ́dọ̀ kọ̀wé fún un, ó sì gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun ti gbé bẹ́ẹ̀ fún ọdún méjì gbáko. Àwọn ìgbìmọ̀ tí ń ṣe ìdájọ́ rẹ̀ kì í sábà rí ojú ẹni náà. Ìwé nìkan ni wọ́n ń wò. Owó rẹ̀ jẹ́ pọ́n-ùn 140 tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó sọ ọ́ di pọ́n-ùn 5 ní ọdún 2021.

ÀWỌN TÍ Ó ṢÁÁJÚ RẸ̀

Munroe kọ́ ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ nínú iṣẹ́ módẹ́ẹ̀lì o. Ó yẹ kí n sọ ti àwọn méjì, nítorí pé bí a kò bá mọ tiwọn, a kò ní í mọ ohun tí ó jẹ́ tuntun nínú ti Munroe.

Ìlú Liverpool ni wọ́n ti bí April Ashley ní ọdún 1935. Ní ọ̀dọ́langba ó wọ iṣẹ́ ọkọ̀ òkun gẹ́gẹ́ bí ọkùnrin. Lẹ́yìn náà ó lọ sí ìlú Paris, ó ń jó, ó ń kọrin ní ilé ijó kan tí ń jẹ́ Le Carrousel. Ní ọdún 1960 ó kó owó tí ó ti tọ́jú, ó gba ìlú Casablanca ní Mòrókò lọ, Dókítà Georges Burou sì ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Ó padà dé Lọ́ńdọ̀nù, kò sọ fún ẹnikẹ́ni, ó di módẹ́ẹ̀lì tí gbogbo wọn ń du ara wọn láti yà. Àwòrán rẹ̀ wọ inú Vogue. Ní ọdún 1961 ni ẹnìkan tí ó pe ara rẹ̀ ní ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ ta àṣírí náà fún ìwé ìròyìn kan tí ń jáde ní ọjọ́ Ìsinmi. Kíá ni iṣẹ́ gbẹ. Ó fẹ́ ọkọ ní ọdún 1963, ọkọ náà sì pè é lẹ́jọ́. Ní ọdún 1970, Adájọ́ Ormrod dájọ́ pé ọkùnrin ni April, pé kò sí ìgbéyàwó kankan láàrin wọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìdájọ́ yẹn ni wọ́n fi ń ti àwọn ènìyàn irú rẹ̀ mọ́ ìta fún ọdún tí ó lé ní 30. Ó ti lé ní ẹni 70 ọdún kí ìwé ìbí rẹ̀ tuntun tó bọ́ sí i lọ́wọ́, tàbí kí n ní ó ti tó bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, nítorí ọdún 2005 ni. Ọba obìnrin fi oyè dá a lọ́lá ní ọdún 2012, ó sì kú ní ìparí ọdún 2021.

Èkejì ni Tracey Norman, aláwọ̀ dúdú ará ìlú Newark ní Amẹ́ríkà. Láàrin ọdún 1970 sí 1980, ojú rẹ̀ ni ó wà lórí páálí aró irun Clairol tí àwọn obìnrin dúdú ilẹ̀ náà ń rà. Wọ́n rà á, wọ́n kùn ún, kò sí ẹni tí ó mọ ohunkóhun. Ní bí ọdún 1980, níbi tí wọ́n ti ń ya àwòrán rẹ̀ fún ìwé ìròyìn Essence, ẹnìkan níbẹ̀ tú àṣírí rẹ̀ fún àwọn ọ̀gá. Láti ọjọ́ náà ni iṣẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ. Ọdún 2016 ni Clairol tún rántí rẹ̀, tí wọ́n gbé e padà sínú ìpolówó ọjà wọn.

Ẹ kíyè sí i: àṣírí ni ó pa iṣẹ́ àwọn méjèèjì. Munroe kò ní àṣírí. L'Oréal mọ̀ bí wọ́n ṣe bí i, wọ́n sì torí rẹ̀ gbà á ni. Òun ni wọ́n ní ó jẹ́ trans àkọ́kọ́ tí yóò ṣe ìpolówó fún wọn ní Ìlú Ọba. Ẹnu ni ó kó bá a.

Ọ̀RỌ̀ TÍ KÒ FỌ́

Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ ọdún 2017, àwọn aláwọ̀ funfun kan tí wọ́n gbà pé àwọn ni ọ̀gá ènìyàn kóra jọ sí ìlú Charlottesville, ní ìpínlẹ̀ Virginia ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ní àwọn kò fẹ́ kí a wó ère Ọ̀gágun Robert Lee, ẹni tí ó ṣáájú ogun fún àwọn tí kò fẹ́ kí òwò ẹrú parẹ́. Ọ̀kan nínú wọn wa mọ́tò wọ àárín àwọn tí ó jáde láti takò wọ́n, ó sì pa Heather Heyer, ọmọ ọdún 32. Òyìnbó ni Heather.

Munroe jókòó ní Lọ́ńdọ̀nù, ó rí ìròyìn náà, inú rẹ̀ ru, ó sì kọ̀wé sórí Facebook. Kò tíì sí ìpolówó pankéèkì nígbà náà. Ohun tí ó kọ ni pé ó ti rẹ òun láti máa sọ̀rọ̀ nípa ìwà ipá tí àwọn aláwọ̀ funfun ń hù sí àwọn ẹ̀yà yòókù. Ó ní kì í ṣe díẹ̀ nínú wọn, gbogbo wọn ni òun ń bá wí. Ó ní ẹ̀yìn àti ẹ̀jẹ̀ àwọn aláwọ̀ dúdú ni wọ́n kọ́ ipò àti ọrọ̀ wọn lé lórí, ọ̀pọ̀ wọn kò sì fẹ́ gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn tí ó gbóná jù báyìí lọ wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Àwọn àgbà wa ní ẹyin lohùn, bí ó bá balẹ̀ fífọ́ ní ń fọ́. Àwọn àgbà kò rí íntánẹ́ẹ̀tì. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì ọ̀rọ̀ kì í fọ́ mọ́. Ẹnìkan á ṣà á, á fi pamọ́, á máa dúró de ọjọ́ tí ẹni tí ó sọ ọ́ yóò di ẹni ńlá. Bí L'Oréal ti gbé àwòrán Munroe jáde tán ni ìwé ìròyìn kan ní Lọ́ńdọ̀nù gbé ọ̀rọ̀ náà sí gbangba. Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹsàn-án, L'Oréal kéde pé àwọn àti òun ti parí. Wọ́n ní onírúurú ènìyàn ni àwọn ń bá ṣe, pé ọ̀rọ̀ tí ó sọ kò bá ìwà àwọn mu.

Munroe fèsì pé wọ́n yọ ọ̀rọ̀ òun kúrò ní ibi tí ó jókòó sí. Ó ní kì í ṣe pé gbogbo Òyìnbó burú lọ́kàn ni òun wí, bí kò ṣe pé ayé tí a bí wọn sí ni a ti tò lọ́nà tí ó gbè wọ́n, yálà wọ́n mọ̀ tàbí wọn kò mọ̀. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má ra ọjà L'Oréal mọ́.

Bí ẹ bá bi èmi, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, "gbogbo" ni. Heather Heyer tí ó kú ní ọjọ́ náà wà nínú "gbogbo" yẹn. Ènìyàn lè tún un ṣàlàyé lẹ́yìn náà, ó sì ṣe é dáadáa, ṣùgbọ́n ìṣàlàyé kì í yára tó ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́. Mo ti sọ èyí tán, ẹ jẹ́ kí n yí sí apá kejì. Ilé-iṣẹ́ tí ó gba obìnrin aláwọ̀ dúdú kan síṣẹ́ nítorí pé ó jẹ́ ẹni tí ń sọ̀rọ̀ jáde, tí wọ́n fi ẹnu rẹ̀ ṣe ọ̀ṣọ́ fún pankéèkì wọn, kí ni wọ́n rò pé ó máa sọ nígbà tí wọ́n bá pa ènìyàn nítorí ọ̀rọ̀ ẹ̀yà? Ẹni tí ó ra àkùkọ wálé, tí ilẹ̀ mọ́ tí ó kọ, kò yẹ kí ó ní wọ́n rẹ́ òun jẹ lọ́jà.

Àwọn mìíràn rí i bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí L'Oréal fi ń polówó láti bí ọdún 50 sẹ́yìn, tí ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí ń jẹ́ Ilon Specht kọ fún wọn ní New York, ni pé obìnrin ń ra ọjà wọn nítorí pé ó tọ́ sí i. Clara Amfo, ọmọ àwọn ará Ghana, tí ohùn rẹ̀ máa ń jáde lórí rédíò BBC nígbà náà, wà nínú ìpolówó pankéèkì kan náà. Ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ó ní bí kò bá tọ́ sí Munroe mọ́, a jẹ́ pé kò tọ́ sí òun náà. Bí a bá ń ka àwọn tí ó padà sílé lọ́wọ́ òfo nínú ìjà yìí láìjẹ́ pé wọ́n ṣẹ ẹnikẹ́ni, kí a má gbàgbé rẹ̀.

Ní ti Munroe, àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé sí i pé àwọn yóò pa á, pé àwọn yóò fipá bá a lò pọ̀. Ó jáde lórí tẹlifíṣọ̀n, Piers Morgan sì da ìbéèrè bò ó bí òjò. Ilé-iṣẹ́ àtíkè kan tí ń jẹ́ Illamasqua, àwọn ará Ìlú Ọba, gbà á láàrin oṣù kan náà. Oníṣòwò ni wọ́n. Wọ́n mọ̀ pé ojú tí gbogbo ayé ń wò, wọn kò ní í ná owó púpọ̀ kí ayé tó mọ̀ ọ́n.

ILÉ ÒṢÈLÚ ÀTI ILÉ ÀWỌN ỌMỌDÉ

Ní oṣù kejì ọdún 2018, ẹgbẹ́ òṣèlú Labour fi í sínú ìgbìmọ̀ tí yóò máa gba Dawn Butler nímọ̀ràn nílé aṣòfin. Kò pẹ́ tí àwọn oníròyìn tún fi tú àpò: wọ́n rí ọ̀rọ̀ tí ó ti kọ láti ọdún 2010, èyí tí ó fi bú àwọn obìnrin kan tí ń fẹ́ obìnrin, àti òmíràn nípa àwọn obìnrin àtijọ́ tí ó jà kí obìnrin lè dìbò. Èyí kò ní "ibi tí ó jókòó sí" tí a lè dá a padà sí. Èébú lásán ni ti ọdún 2010, ọmọdé ni ó ń ṣe é. Ní oṣù kẹta ó kọ̀wé fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, ó ní àwọn oníròyìn kò jẹ́ kí òun sinmi. Ní oṣù karùn-ún ọdún kan náà, tẹlifíṣọ̀n Channel 4 gbé fíìmù kan jáde tí ó ti bi àwọn ènìyàn léèrè ohun tí ó sọ obìnrin di obìnrin, tí ó sì jẹ́ kí a bá òun lọ títí dé ibi tí wọ́n ti fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ sí ojú rẹ̀.

Èyí tí ó dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ti ọdún 2019. Ẹgbẹ́ kan wà ní Ìlú Ọba tí ń jẹ́ NSPCC. Iṣẹ́ wọn ni láti gba ọmọdé lọ́wọ́ àwọn tí ń fìyà jẹ wọ́n. Wọ́n ní tẹlifóònù kan tí ń jẹ́ Childline, tí ọmọ tí ìdààmú bá lè pè lọ́sàn-án lóru kí ó rí ẹni bá sọ̀rọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà, wọ́n kéde pé Munroe ni yóò máa bá àwọn sọ̀rọ̀ fún àwọn ọmọ tí wọ́n ń fòòró nítorí pé wọ́n yàtọ̀. Ta ni ó tún mọ̀ ọ́n jù ú lọ? Ìjà dé lójú ẹsẹ̀. Àwọn kan ní ọ̀rọ̀ rẹ̀ àtijọ́ kò yẹ ẹni tí yóò bá ọmọdé sọ̀rọ̀. Àwọn mìíràn ní ó ti sọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé kí àwọn ọ̀dọ́ tí ìṣòro bá máa kọ̀wé sí òun tààràtà, èyí tí kò bá òfin ààbò ọmọdé mu. Ọjọ́ mélòó kan péré ni ó lò níbẹ̀ tí ẹgbẹ́ náà fi ní àwọn kò ṣe mọ́.

Nígbà náà ni àwọn òṣìṣẹ́ inú ẹgbẹ́ náà bínú. Àwọn tí ó lé ní 100 fọwọ́ sí ìwé kan pé ohun tí àwọn ọ̀gá àwọn ṣe kò dára. Peter Wanless, ọ̀gá àgbà wọn, jáde wá, ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Munroe nítorí bí wọ́n ṣe já a jù sílẹ̀ lójijì. Ní tèmi, ọ̀rọ̀ pé kí ọmọdé má kọ̀wé sí àgbàlagbà ní ìkọ̀kọ̀, ọ̀rọ̀ òdodo ni, olùkọ́ kankan kò sì ní í jiyàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí a fi ń pe ènìyàn sínú yàrá kọ́ ọ ni. A kì í torí rẹ̀ lé e jáde ní ojúde kí gbogbo ayé máa wò ó bí ẹni tí ó jalè.

ỌDÚN 2020

Ní ọjọ́ 25 oṣù karùn-ún ọdún 2020, ọlọ́pàá kan ní ìlú Minneapolis fi orúnkún tẹ George Floyd lọ́rùn títí ẹ̀mí fi bọ́ lára rẹ̀. Gbogbo ayé ni ó rí fídíò náà. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́kọ́ du ẹni tí yóò sọ pé òun wà lẹ́yìn aláwọ̀ dúdú, L'Oréal náà sì kọ tiwọn sí orí íntánẹ́ẹ̀tì ní ọjọ́ 1 oṣù kẹfà, pé ó tọ́ kí ènìyàn sọ̀rọ̀ síta.

Ẹ fojú inú wo bí ọ̀rọ̀ yẹn yóò ti rí létí Munroe. Àwọn tí ó lé e nítorí pé ó sọ̀rọ̀ síta! Ó dá wọn lóhùn ní gbangba, kò sì rọra sọ ọ́. Ó ní ọdún mẹ́ta ni ó ti kọjá tí wọ́n ti jù òun sílẹ̀ fún àwọn ìkookò, tí kò sí ẹnìkan nínú wọn tí ó bèèrè bóyá òun yè. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni ó gbè é. Bí ọjà yóò bá tú, iyá ọjà ni ó máa ń kọ́kọ́ mọ̀. Kò pé ọjọ́ mẹ́wàá tí Delphine Viguier, ọ̀gá tuntun fún L'Oréal Paris, fi bá a sọ̀rọ̀. Viguier jáde sọ pé òun kábàámọ̀ pé wọn kò bá a sọ̀rọ̀ ní ọdún 2017, wọn kò sì dúró tì í. Wọ́n fi í sínú ìgbìmọ̀ tí yóò máa gbà wọ́n nímọ̀ràn ní Ìlú Ọba lórí bí wọn yóò ṣe máa bá onírúurú ènìyàn lò. Wọ́n fún Mermaids, ẹgbẹ́ tí ń ran àwọn ọmọ irú rẹ̀ lọ́wọ́, ní yúrò 25,000, wọ́n fún ẹgbẹ́ UK Black Pride náà ní yúrò 25,000.

Àwọn kan bú u pé kò yẹ kí ó gbà. Wọ́n ní ẹni tí ó ní kí a má ra ọjà wọn ni ó tún wá ń bá wọn jókòó. Ó dáhùn pé inú ilé ni a ti ń tún ilé ṣe. Èmi kò dá a lẹ́bi. Ẹni tí ó bá ti fi ìyà ṣe oúnjẹ, kí ó tó mọ ibi tí àwọn olówó ń gbé pààrọ̀ ìmọ̀ràn, ẹ jẹ́ kí ó wọlé lọ wò.

LÁTI ÌGBÀ NÁÀ

Ìwé ìròyìn Cosmopolitan ti Ìlú Ọba pé ọdún 50 ní ọdún 2022; ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún náà ni wọ́n fi àwòrán Munroe sí iwájú rẹ̀, òun sì ni trans àkọ́kọ́ tí ó débẹ̀. Vogue, ìwé kan náà tí àwòrán April Ashley wọ̀ kí àṣírí rẹ̀ tó tú, sọ ọ́ di ọ̀kan nínú àwọn tí ń kọ̀wé fún wọn nígbà tí Edward Enninful, ọmọ tí wọ́n bí ní Ghana, ń ṣe olóòtú. Ní ọdún 2023 ó kọ ìwé ìtàn ara rẹ̀, Transitional. Kò fi èyí tí ó dára nìkan hàn wá níbẹ̀. Ó sọ ti oògùn olóró, ó sọ ti ìwà ipá tí wọ́n hù sí i, ó sọ ti ọdún tí kò fẹ́ràn ara tí ó rí nínú dígí.

Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹrin ọdún 2025, àwọn adájọ́ márùn-ún ní ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù ní Ìlú Ọba fi ohùn kan dájọ́ pé, nínú òfin ọdún 2010 tí ó sọ nípa ìdọ́gba ẹ̀dá, bí a bá ti kà á sí "obìnrin," ẹni tí a bí ní obìnrin ni òfin náà ń sọ. Wọ́n ní òfin kan náà kò gbà kí a fìyà jẹ àwọn trans tàbí kí a lé wọn níṣẹ́ nítorí pé wọ́n jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn kan jó níwájú kóòtù, àwọn mìíràn sunkún. Munroe wà lára àwọn tí inú wọn kò dùn. Oṣù méjì lẹ́yìn náà ni fíìmù tí Olivia Cappuccini ṣe nípa rẹ̀, Love and Rage, wọ ilé sinimá.

Pankéèkì True Match ṣì wà lórí àtẹ ní àwọn ilé ìtajà Lọ́ńdọ̀nù, ní oríṣiríṣi àwọ̀, láti orí ti ẹni tí ó pupa fòò títí dé orí ti ẹni tí ó dú bí kóró iṣin.